Fíìmù Tí Bàbá Ń Túmọ̀

Ọjọ́ kan péré ni ìròyìn náà fi pẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni Tèmilọlá fi àròkọ rẹ̀ lé Ọ̀gbẹ́ni Akínladé, olùkọ́ èdè Yorùbá wọn, lọ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni olùkọ́ náà fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, tó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó gbé ìdíje kalẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bí Tèmilọlá ṣe ń da omi sínú ìkòkò lẹ́yìnkùlé wọn ní Èrúwà, ìyá rẹ̀ na fóònù sí i. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni, láti ọ̀dọ̀ Bámiṣẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń gbé ní Ayétẹ̀. Ọjọ́rú ló ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú wọn, tó máa ń wá bí àlejò tó máa ń lọ bí olè, kò jẹ́ kó tètè dé. Ó ní òun ti rí àwo fíìmù Bàbá àgbà nínú àpótí irinṣẹ́ òun. Ó ní kí Tèmilọlá má tíì kọ nǹkan kan, kó kọ́kọ́ wò ó ná. Òun á fi rán ọlọ́kadà.

Tèmilọlá ka iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rẹ́rìn-ín. Kí ni wíwò tún fẹ́ ṣe fún un? Ta ló mọ fíìmù yẹn jù ú lọ?

Ohun tí ìdíje náà béèrè kò ṣòro. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú fíìmù àtijọ́ kan tí ìdílé rẹ̀ fẹ́ràn, kó sọ adùn rẹ̀, kó sì sọ àléébù rẹ̀. Ẹ̀bùn ẹni tó bá ṣe ipò kìn-ín-ní ni páálí ìwé ìtàn kan, ọgbọ̀n ìwé tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí rí. Ẹni tí kò bá mọ Tèmilọlá kò lè mọ ohun tí èyí jẹ́ fún un. Ìwé àyálò ló fi dàgbà. Ó ti ka ìwé tí eku ti jẹ ojú ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó ti ka èyí tí ìparí rẹ̀ ti já dànù, tó fi jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fi ìparí sí i nínú ọkàn rẹ̀ nígbà tó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, tí ìyá rẹ̀ ń pariwo pé kó wo ọ̀bẹ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kéde ìdíje náà ló ti gbá abẹ́ ibùsùn rẹ̀ mọ́, tó ti wá àyè sílẹ̀ fún páálí náà.

Adùn ló sì kún inú àròkọ rẹ̀. Àléébù kan ṣoṣo tó rí kọ ni pé fíìmù náà tètè máa ń parí.

Bàbá rẹ̀ àgbà, tí gbogbo Lánlátẹ̀ ń pè ní Bàbá Obadiah, ni ògbufọ̀ ìjọ wọn. Fún ogójì ọdún, bí oníwàásù kan bá ti ń sọ òyìnbó lórí pẹpẹ, Bàbá ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò máa sọ ọ́ di Yorùbá. Àwọn àgbà ìjọ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwàásù tó bá gba ẹnu Bàbá Obadiah kọjá, ńṣe ló máa ń sanra kó tó dé etí àwọn. Kò sí ẹni tó bínú sí i. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀.

Agùnbánirọ̀ kan ló mú fíìmù náà wá sí Lánlátẹ̀ nígbà tí Tèmilọlá wà ní ọmọ ọdún méje. Fíìmù àtijọ́ ni, ti àwọn òyìnbó darandaran tí à ń pè ní kábọ́ì, irú èyí tí tọmọdé tàgbà inú ilé lè jókòó wò pọ̀ kí wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Orúkọ rẹ̀ ti pa rẹ́ lára páálí rẹ̀, nítorí náà Bàbá sọ ọ́ ní Opó Onídùùrù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọn á gbé tẹlifíṣàn sórí tábìlì nínú kíláàsì kan, wọn á fi tapólì bo fèrèsé, wọn á tan jẹnẹrétọ̀. Àwọn ará oko á gun ọ̀kadà wá láti abúlé gbogbo, ẹni mẹ́ta lórí ọ̀kan. Bàbá á wá rẹ ohùn tẹlifíṣàn sílẹ̀ títí tí kò fi ju ìkùnsínú lọ. Ó ní ẹnu méjì kì í sọ̀rọ̀ pọ̀ sétí ẹnì kan. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á wúkọ́ díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀.

Ìyanu ni ohun tí Tèmilọlá rí nínú kíláàsì yẹn. Ó rí pápá tó tẹ́ lọ bí ẹni pé ayé kò lópin, tí koríko rẹ̀ pọ́n bí koríko ọ̀nà Èrúwà lásìkò ọyẹ́. Ó rí ẹṣin tí kò lóǹkà tí wọ́n ń sáré nínú eruku, tí irun ọrùn wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, débi pé ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́. Ó rí opó kan tó kó ọmọ mẹ́ta àti dùùrù ńlá kan sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, tó ń wá ilẹ̀ tí yóò tẹ̀dó sí. Ó rí ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí ẹṣin ń bà lẹ́rù, tó jẹ́ pé orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ti ń lé àwọn olè, tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà sì máa ń dúró jẹun lójú ọ̀nà. Àwọn àgbàlagbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Nígbà tí olówó ìlú kan sì fẹ́ fi dandan fẹ́ opó náà nítorí pé kò ní ọkọ mọ́, opó náà gbórí sókè, ó sì ti ẹnu Bàbá fèsì pé, "Ọkọ mi ló kú. Kò mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi lọ." Àwọn obìnrin tó wà ní kíláàsì pàtẹ́wọ́ débi pé Bàbá ní láti dúró síwájú tẹlifíṣàn títí ariwo fi rọlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni arúgbó kan á yọ láti ẹ̀bá odò, ìyẹ́ ẹyẹ lórí rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé ibẹ̀ ni. Kíláàsì á pa lọ́lọ́. Bàbá Obadiah á rẹ ohùn sílẹ̀:

"Obìnrin, má tíì sọ dùùrù rẹ kalẹ̀. Kọ́kọ́ kí àwọn tó sùn sábẹ́ ilẹ̀ yìí. Ilé kì í há mọ́ àlejò tó bá mọ onílé kí."

Bó bá ti sọ ọ́ tán báyìí, á pa tẹlifíṣàn, á ní fíìmù ti parí. Àwọn ará Lánlátẹ̀ gba ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Wọ́n ń fi í parí ìjà ààlà oko, wọ́n ń fi í kọ́ àtọ̀húnrìnwá lẹ́kọ̀ọ́. Wọn á kọ́kọ́ ní, "Gẹ́gẹ́ bí bàbá inú fíìmù ṣe wí." Ọ̀rọ̀ yìí náà ni Tèmilọlá fi parí àròkọ rẹ̀.

Àwo náà dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Nítorí pé wọn kò ní ẹ̀rọ tó lè lò ó nílé, Tèmilọlá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ìyá Purity ti ń ṣe irun. Ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ ni Purity, wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, kò sì ní ìjánu lẹ́nu. Oníbàárà kankan kò tíì dé. Wọ́n ti àwo bọ inú ẹ̀rọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Tèmilọlá gbọ́ ohùn fíìmù náà ketekete, Bàbá kò sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Pápá náà ṣì tẹ́ lọ bó ṣe wà. Àwọn ẹṣin dé pẹ̀lú eruku wọn, àyà Tèmilọlá sì tún já bíi tìgbà èwe. Nígbà tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé ọ̀gá ọlọ́pàá ṣánlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, òun àti Purity rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú. Lẹ́yìn náà ni orin kan bẹ̀rẹ̀ nínú abà kan, tó gùn títí Purity fi bẹ̀rẹ̀ sí í kun èékánná rẹ̀. Lẹ́yìn orin ni olówó ìlú dé láti fẹ́ opó. Tèmilọlá jókòó dáadáa, ó ń dúró de èsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n opó náà sunkún. Ó ní kí ni obìnrin lásán bí òun lè dá ṣe, ó sì dákú sí ọ̀gá ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Arúgbó tó ní ìyẹ́ ẹyẹ lórí náà yọ láti ẹ̀bá odò. Kò sọ nǹkan kan tó yé èèyàn. Ó kùn bí ẹran, ó já ìgò ọtí gbà lọ́wọ́ òyìnbó kan, ó gbé e mu, ó sì ṣubú sínú ọpọ́n omi ẹṣin. Orin ẹlẹ́yà kan bú sí i. Ní ìparí, àwọn ará ìlú yìnbọn lé òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò létí odò, wọ́n sọ dùùrù kalẹ̀ síbẹ̀, gbogbo wọn sì ń jó.

Purity kọ́kọ́ wo ojú ìbátan rẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Tèmi, Bàbá yín mà fi gbogbo Lánlátẹ̀ ṣeré. Ibo ni 'kí àwọn tó sùn sábẹ́ ilẹ̀' wà nínú èyí? Ọlọ́tí ni bàbá yìí."

Tèmilọlá yọ àwo náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún un wò. Kò sí ohun tó yí padà. Ìtìjú mú un, nítorí gbogbo ohun tó yìn nínú àròkọ rẹ̀ kò sí nínú fíìmù, àléébù ńlá tó sì wà nínú rẹ̀, kò kọ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà lábẹ́ ìtìjú náà tí kò lè pe orúkọ rẹ̀. Ibo ni Bàbá ti rí ọ̀rọ̀ yẹn?

Purity gbà á nímọ̀ràn pé kó pa ẹnu dé. Ta ló máa wá fíìmù tó ti gbó bẹ́ẹ̀ wò? Tèmilọlá náà sì sọ fún ara rẹ̀ pé wọn kò tiẹ̀ ní mú àròkọ òun, kí ló wá dé tí òun fẹ́ ba ara òun lórúkọ jẹ́.

Wọ́n mú un. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lórí ìlà àárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akínladé kéde pé nínú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama Ìbàràpá, àròkọ Tèmilọlá Awóníyì ló wà níwájú. Yóò kà á ní gbọ̀ngàn kan ní Igbó-Ọrà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní ọ̀rọ̀ arúgbó tó ni ilẹ̀ ni àwọn adájọ́ fẹ́ràn jù, ó sì kà á sókè. Kí wọ́n tó dé kíláàsì, àwọn ọmọ ti ń fi í ṣeré. Bí ẹnì kan bá fẹ́ jókòó, wọn á ní kó kọ́kọ́ kí onílé.

Nígbà ìsinmi, olùkọ́ náà pè é sí yàrá àwọn olùkọ́. Ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. Ó bi í léèrè bóyá bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wà nínú fíìmù gan-an nìyẹn, àbí òun ló tún un ṣe. Ìbéèrè pẹ̀lẹ́ ni, ìbéèrè ẹni tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Tèmilọlá la ẹnu, òtítọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí páálí kan, ìwé ọgbọ̀n nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló ní ìparí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló sọ.

Inú Ọ̀gbẹ́ni Akínladé dùn. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn adájọ́ ní kó mú àwo náà dání. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo gbọ̀ngàn wo ibi tí arúgbó náà ti sọ̀rọ̀.

Láti àkókò yẹn, oúnjẹ kò dùn mọ́ lẹ́nu Tèmilọlá. Ìwé tó yá lọ́wọ́ ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ṣí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Purity fi ìṣó kan sí i lọ́wọ́. Ó ní kó fi ha ojú àwo náà dáadáa, kó sọ fún olùkọ́ pé ó ti bàjẹ́ lọ́nà Ayétẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. "Ìwọ tún lò ń ro èyí," ni Purity wí. "Mo bá ẹ tún un ṣe tán, o tún ń wò mí bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé."

Tèmilọlá sọ ìṣó náà sínú báàgì rẹ̀ pẹ̀lú àwo. Lẹ́yìn ilé ìwé lọ́jọ́rú, dípò kó lọ sílé, ó wọ ọ̀kadà lọ sí Lánlátẹ̀.

Ó bá Bàbá Obadiah lábẹ́ igi níwájú ilé, tó ń yin àgbàdo. Ó kúnlẹ̀ kí i, Bàbá sì fi oríkì rẹ̀ dá a lóhùn, ó ní, "Àjíkẹ́ mi, ṣé kò sí?" Tèmilọlá fa díẹ̀ nínú àgbàdo náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a yin ín.

"Bàbá, mo wo Opó Onídùùrù. Mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀."

Ọwọ́ Bàbá kò dúró. "O gbọ́ gbogbo rẹ̀?"

"Mo gbọ́ ọ, sà."

"A jẹ́ pé o sàn jù mí lọ. Èmi kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́wàá lọ. Imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀."

Ó wá rọra sọ ọ́ fún un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rò pé òyìnbó oníwàásù ni òun fẹ́ túmọ̀. Kò mọ̀ pé àwọn wọ̀nyí ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu bí ẹni ń jẹ obì. Kíláàsì ti kún, gbogbo ojú wà lẹ́nu rẹ̀, ògbufọ̀ tó bá sì dákẹ́ ti tú ìjọ ká. Nítorí náà ó ń wo ojú àwọn inú fíìmù, ó ń sọ ohun tó rò pé ojú bẹ́ẹ̀ lè sọ. Ó ń lọ dáadáa títí arúgbó náà fi yọ.

"Mo rí i pé wọ́n fẹ́ ká fi í rẹ́rìn-ín," ni Bàbá wí. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró wàyí. "Àgbàlagbà, lórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn awọnlẹ̀ dé oko wa ni mo rántí, bí wọ́n ṣe ń fi bàbá mi ṣẹ̀sín nítorí pé kò gbọ́ èdè wọn. Mo wà níbẹ̀, mo kéré jù ọ́ lọ, mo sì gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ. N kò lè túmọ̀ ẹ̀rín yẹn fún àwọn ọmọdé tó jókòó níwájú mi. Mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ bí bàbá mi ì bá ṣe sọ ọ́."

Ó ní agùnbánirọ̀ yẹn nìkan ló fura. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Nígbà tó ń lọ, ó fi àwo náà sílẹ̀ fún Bàbá, ó ní ti Bàbá dára ju ti àwọn tó ṣe é lọ.

Tèmilọlá wo bàbá rẹ̀ àgbà bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkùnrin kan tí kò kọjá ìwé mẹ́fà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn kékeré kan, ó fún opó lẹ́nu, ó fún arúgbó níyì, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé òun ni. Gbogbo ìwé tí Tèmilọlá ti yá kà, kò tíì rí òǹkọ̀wé kan lójúkojú rí. Ọ̀kan ló jókòó síwájú rẹ̀ yìí, ìyàngbò àgbàdo lára aṣọ rẹ̀.

Ó sọ èyí tó kù fún Bàbá: ìdíje, páálí ìwé, "bẹ́ẹ̀ ni, sà", gbọ̀ngàn Igbó-Ọrà, ìṣó. Bàbá gbé àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Bá mi ha á, Àjíkẹ́."

Tèmilọlá rò pé òun kò gbọ́ dáadáa.

"Ogójì ọdún ni mo fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù," ni Bàbá wí. "Mo lè fi òwe gbé e nídìí, ṣùgbọ́n n kò sọ ohun tí wọn kò sọ rí. Tí Lánlátẹ̀ bá wá gbọ́ pé mo fi ọ̀rọ̀ sí òyìnbó lẹ́nu nínú fíìmù, ta ló máa gbà pé n kò fi sí Ọlọ́run lẹ́nu lórí pẹpẹ? Mo ti darúgbó. Jẹ́ kí n fi orúkọ mi wọlé sùn."

Kò sí ohun tí Bàbá tíì bẹ̀ ẹ́ fún rí láyé. Ìṣó wà nínú báàgì, àwo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré ló sì gbà. Páálí ìwé á dé, ọkàn arúgbó á balẹ̀. Ṣùgbọ́n Tèmilọlá ti rí bí irọ́ ṣe ń rìn. Èyí tó pa lọ́jọ́ Ajé kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, òun ló bí ìṣó, ìṣó náà yóò sì bí òmíràn níwájú gbogbo gbọ̀ngàn. Èyí tó burú jù ni pé ìyìn ọ̀rọ̀ náà yóò wà lórí àwọn tó fi arúgbó yẹn ṣẹ̀sín títí láé. Ẹni tó bá fi irọ́ gba iyì fún ara rẹ̀, ó ti gba iyì ẹlòmíràn dànù kó tó rí tirẹ̀ gbà.

Ó kúnlẹ̀ sórí ìyàngbò àgbàdo.

"Bàbá, ẹ má bínú, n kò ní ha á. Lọ́la, kí wọ́n tó lu aago, màá lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Akínladé, màá sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa fún wọn lọ́jọ́ Ajé. Màá ní fíìmù náà rẹwà, pé pápá rẹ̀ àti ẹṣin rẹ̀ ṣì ń yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n pé ó fi àgbàlagbà ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin tó fi ṣe olórí rẹ̀. Màá ní ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn, màá sì sọ ìdí tí ẹ fi sọ ọ́. Tí wọ́n bá gba ipò náà lọ́wọ́ mi, kí wọ́n máa gbà á. Mo mọ̀ pé ó lè ta bá orúkọ yín, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́, Bàbá."